KÍ Ẹ TÓ LỌ SÍ ERÉKÙṢÙ SÃO TOMÉ ÀTI PRÍNCIPE

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkígbà tí ẹnìkan bá bi wá léèrè nípa orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe. Bí a bá ṣí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, orí ìka kan péré ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé nítorí kíkéré rẹ̀ òun lè gbé àpò kọ́ èjìká kí òun sì máa lọ láìbéèrè ohunkóhun, onítọ̀hún yóò kọ́ ọgbọ́n lójú ọ̀nà, owó ẹ̀kọ́ náà yóò sì wọ́n.

Àwa gan-an ti san nínú owó ẹ̀kọ́ yìí. Àwa márùn-ún ni a jọ lọ nígbà àkọ́kọ́. A gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báńkì wa, èyí tí kò tíì já wa kulẹ̀ rí ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kejì, a ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ tí ń sanwó, ó tì í jáde. A wọ inú báńkì, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wo káàdì náà síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá a padà fún wa. Owó yúrò díẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ arábìnrin kan nínú wa, tí ọkọ rẹ̀ fi dandan lé e pé kí ó mú dání, ni àwa márààrún fi jẹun tí a fi wọkọ̀ títí a fi padà.

Èyí kò tilẹ̀ tó nǹkan. Arákùnrin kan wà nínú wa tí ó ti lo ogún ọdún ó lé ní Ìlú Ọba. A bẹ̀ ẹ́ kí ó lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú ni, ó ní, "Ṣé ibà? Ibà tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà?" Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó padà sí ilé rẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. A ó sọ ìyókù rẹ̀ fún yín bí a bá dé ibẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe kọ èyí fún ẹ̀yin olùkà wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin ìdílé tí ẹ fẹ́ lọ gba afẹ́fẹ́, ẹ̀yin tí iṣẹ́ fẹ́ gbé lọ, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ lọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

IBO NI Ó WÀ?

Àárín òkun Gíní ni ó wà, òkun kan náà tí ó ń fọ ẹsẹ̀ Èkó, Ondó àti Delta. Láti etí òkun Gàbọ́ọ̀nù sí erékùṣù São Tomé, ó tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Erékùṣù ńlá méjì ni orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tí ó yí wọn ká: São Tomé ni ó tóbi jù, Príncipe sì wà ní nǹkan bí 150 kìlómítà sí àríwá rẹ̀. Àpapọ̀ ilẹ̀ wọn jẹ́ 1,001 kìlómítà níbùú lóròó. Kò tó ìdá mẹ́ta ìpínlẹ̀ Èkó. Iye ènìyàn ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 200,000, àwọn tí ó sì wà ní Príncipe kò tó 10,000. Olú-ìlú wọn náà ń jẹ́ São Tomé.

Iná inú ilẹ̀ ni ó gbé àwọn erékùṣù yìí sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní ìgbà láéláé. Ìdí nìyí tí ibẹ̀ fi kún fún òkè. Èyí tí ó ga jù, Pico de São Tomé, ga ní mítà 2,024. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, igbó bò ó, omi sì ń ṣàn láti orí òkè wá sí òkun.

Ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba kọjá ní erékùṣù kékeré kan, Ilhéu das Rolas, ní ìsàlẹ̀ São Tomé. Nítorí èyí, ooru wà níbẹ̀ yípo ọdún. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni òjò máa ń dáwọ́ dúró, tí afẹ́fẹ́ sì máa ń tutù díẹ̀. Gravana ni wọ́n ń pe àkókò náà, òun ni ó sì dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ gun òkè tàbí wọ inú igbó. Láti oṣù kẹwàá dé oṣù karùn-ún ni òjò máa ń rọ̀, ti apá gúúsù sì máa ń pọ̀ jù.

Aago wọn fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ìbàdàn, aago méje ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ilé kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

ÌTÀN TÍ ÀLEJÒ GBỌDỌ̀ MỌ̀

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú onílé ti rí yóò ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí.

Nígbà tí àwọn Potogí, tí àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà, dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470 sí 1471, kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Tómásì àpọ́sítélì sọ erékùṣù ńlá, wọ́n sì fi ti ọmọ ọba ilẹ̀ wọn sọ èkejì. Ní ọdún 1493, ọba Potogí pàṣẹ kí a gba àwọn ọmọ Júù kéékèèké kúrò lọ́wọ́ àwọn òbí wọn, kí a sì kó wọn lọ sí São Tomé. Àkọsílẹ̀ ìgbà náà sọ pé wọ́n tó 2,000. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni ó kú sí ilẹ̀ àjèjì náà. Òbí wo ni yóò gbọ́ èyí tí inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́?

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrú wá láti ilẹ̀ Kóńgò àti láti ilẹ̀ Ìbíní, kí wọ́n lè máa ṣe oko ìrèké. Títí di òní, àwọn onímọ̀ èdè ń rí ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó nínú èdè tí àwọn ará São Tomé ń sọ nínú ilé wọn. Ẹ rí i pé ìbátan wa ni wọ́n. Ní ọdún 1595, ẹrú kan tí ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dìde sí àwọn tí ó kó wọn lẹ́rú. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì pa á, ṣùgbọ́n akọni ni ó jẹ́ lójú àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì ya ọjọ́ 4 oṣù kìíní sọ́tọ̀ fún ìrántí rẹ̀.

Ní ọdún 1822, a gbé èso kòkó láti Bùràsíìlì wá sí Príncipe. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé São Tomé, ó sì dé Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko nísinsìnyí. Láti Fernando Po ni wọ́n ti mú un wọ ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1874. Ẹ̀yin tí kòkó rán lọ sí ilé-ìwé, tí kòkó kọ́ ilé bàbá yín ní Agége, ní Ìbàdàn tàbí ní Ondó, ẹ mọ̀ báyìí pé àwọn erékùṣù wọ̀nyí wà lójú ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣùgbọ́n kòkó tiwọn ní omijé nínú. Lóòótọ́, òfin ti fòpin sí òwò ẹrú, síbẹ̀ wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wá láti Àǹgólà pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí wọn kò lè kà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì padà sílé mọ́. Nígbà tí ìròyìn èyí tàn kálẹ̀, ilé-iṣẹ́ Cadbury àti àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì mìíràn ní Ìlú Ọba kọ̀ láti ra kòkó ibẹ̀ mọ́ ní ọdún 1909. Oko ńlá wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní roça, ṣì wà níbẹ̀: ilé àwọn ọ̀gá, ilé ìwòsàn, ilé gbọọrọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà ni ó ń gbé inú ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá lọ wò wọ́n, ẹ rántí pé ilé ènìyàn ni ẹ wọ̀. Ẹ kí wọn, ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1953, ìjọba Potogí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Batepá nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àfipáṣe. Ọjọ́ ìsinmi àti ọ̀fọ̀ ni ọjọ́ náà títí di òní. Kì í ṣe ọjọ́ tí àlejò ń gbé orin ijó sókè. Ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1975 ni wọ́n gba òmìnira.

Ọ̀rọ̀ wọn àti ti Nàìjíríà tún pàdé ní ọdún 2001, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn láti jọ wá epo rọ̀bì nínú apá òkun kan, kí Nàìjíríà gba ìdá 60, kí wọ́n gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù keje ọdún 2003, àwọn ológun fi ipá gba ìjọba nígbà tí ààrẹ wọn, Fradique de Menezes, wà ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ológun náà gbà láti gbé ìjọba sílẹ̀, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì bá a padà sílé. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, wọ́n mọ ibi tí ẹ ti wá.

ÌWÉ ÌRÌNNÀ ÀTI KÁÀDÌ YẸ́LÒ

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìrìnnà yín. Kí ó ku oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí ó tó parí. Òfin físà kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà lè yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba tàbí ti Amẹ́ríkà. Nínú ìdílé kan náà, ọkọ lè nílò físà kí àwọn ọmọ má nílò rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní òun "mọ ènìyàn kan" ní pápákọ̀.

Ọ̀nà òfurufú tí ó wọ́pọ̀ jù gba Lisbon ní ilẹ̀ Potogí, àwọn mìíràn a sì gba Luanda ní Àǹgólà. Ẹni tí ó bá máa gba ìlú mìíràn kọjá gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ìlú náà pẹ̀lú fẹ́ físà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti dá padà láti ẹnu ọ̀nà.

Káàdì yẹ́lò, ìyẹn ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, jẹ́ dandan fún ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà lọ. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá nínú ara kí a tó kà á sí. Láti ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé ti fi lélẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan tí a gbà á ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ má ṣe ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Irọ́ ni, ó sì lè pa ènìyàn. Káàdì kò dá àìsàn dúró, abẹ́rẹ́ ni ó ń dá a dúró.

Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

A ṣèlérí pé a ó parí ìtàn arákùnrin wa. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, ó rò pé òtútù ni. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní àdúrà ti tó. Ní ọjọ́ kẹta, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó gbé e dé ilé ìwòsàn kò sọ fún dókítà pé ó ti Áfíríkà dé. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sáré dé láti ibi iṣẹ́, tí ó sì kígbe pé, "Erékùṣù ni ó lọ o, ẹ̀fọn jẹ ẹ́!" Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ni. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn kí ó tó dìde. Ọlọ́run dá a sí, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíràn má baà ṣe bí òun ti ṣe.

Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí fún un. Ara ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ lójoojúmọ́ ní ilé wa ní ààbò díẹ̀ sí ibà. Bí ènìyàn bá ti pẹ́ ní òkè òkun, ààbò náà a dínkù, a sì lè máà sí mọ́. Àwọn ọmọ tí a bí sí ọ̀hún kò tilẹ̀ ní in rárá. Orúkọ Yorùbá tí a sọ ọmọ kò lé ẹ̀fọn.

Lóòótọ́, ìjọba São Tomé ti ṣe iṣẹ́ gidi. Láti nǹkan bí ọdún 2004 ni wọ́n ti ń fín oògùn sínú ilé, tí wọ́n sì ń pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, iye àwọn tí ibà ń pa sì ti dínkù púpọ̀. Síbẹ̀ ibà kò tíì tán níbẹ̀. Ní ọdún 2022, irú ibà mìíràn tí a ń pè ní dengue tún jà níbẹ̀, ẹ̀fọn ti ọ̀sán sì ni ó ń gbé e kiri. Nítorí náà:

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó lọ, kí ó fún yín ní oògùn ibà tí ó yẹ ọjọ́ orí àti ara oníkálukú. Ẹ lò ó dé ọjọ́ tí ó dá, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà dé. Aboyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé òun lóyún, bí ìrìn-àjò náà kò bá sì pọn dandan, kí ó sún un síwájú.

Ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ìpara tí ń lé ẹ̀fọn pa ara lọ́sàn-án àti lóru.

Ẹ mu omi inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí tàbí omi tí a sè. Ẹ ṣọ́ra fún omi dídì tí a ń bù sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni ó wà, Ayres de Menezes, ní olú-ìlú. Ohun tí ó bá ju agbára wọn lọ, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ, nígbà púpọ̀ ilẹ̀ Potogí. Ẹ ro owó tí èyí yóò jẹ! Ẹ ra ìnṣọ́ránsì tí yóò san owó ọkọ̀ òfurufú aláìsàn, kí ẹ sì gbé oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ dání, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Bí ara yín bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà dé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù mélòó kan, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ ni ibi tí ẹ ti dé. Àdúrà dára, a ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbàdúrà náà lè gbé oògùn mì. Lúùkù oníṣègùn bá Pọ́ọ̀lù rìn, a kò sì gbọ́ pé Pọ́ọ̀lù lé e padà.

OWÓ

Dobra ni orúkọ owó wọn. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti so iye rẹ̀ mọ́ owó yúrò. Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti gé òdo mẹ́ta kúrò lára owó náà, yúrò kan jẹ́ dobra 24.5. Èyí mú kí ìṣirò rọrùn: ẹ fi 25 pín iye tí wọ́n bá pè, ẹ ó mọ iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ní yúrò.

Kò sí ẹni tí yóò gba náírà lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ẹ mú yúrò lọ, owó bébà tí ó mọ́, tí kò ya, kí owó kéékèèké sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì. Àwọn ilé ìtura ńlá lè gbà á, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja, onítákísí àti ilé oúnjẹ kékeré kò ní gbà á. Ẹ pín owó náà sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta láàrin tọkọtaya, kí ó má wà nínú àpò kan ṣoṣo. Ẹ má sì pààrọ̀ ju ohun tí ẹ máa ná lọ, nítorí dobra kò wúlò bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀.

RÍRÌN KÁÀKIRI

Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wa ọkọ̀, bíi tiwa. Tákísí aláwọ̀ yẹ́lò àti ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé. Títì tí ó lọ sí ìsàlẹ̀ gúúsù burú níbi púpọ̀, alẹ́ sì ṣókùnkùn, nítorí náà ẹ máa rin ìrìn yín lójú mọ́mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dé Príncipe, ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú, kò ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ń lọ láti São Tomé sí Príncipe dojú dé, ẹ̀mí sì sọnù. Owó tí ènìyàn fi ọkọ̀ ojú omi tọ́jú kò tó ẹ̀mí rẹ̀.

Etí òkun ibẹ̀ rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ó pọ̀ jù kò sí ẹni tí ń ṣọ́ àwọn tí ń wẹ̀. Òkun a máa fa ènìyàn lọ. Kí ọmọdé má wọ omi láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àgbà pàápàá má sì dá nìkan wẹ̀. Ẹ bi àwọn apẹja léèrè, wọ́n mọ ibi tí omi ti ń tan ni.

Nínú igbó, ẹ mú ẹni tí ó mọ̀nà dání. Ejò dúdú olóró kan wà ní São Tomé, ará ìdílé ṣèbé ni, kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Kì í lé ènìyàn kiri, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a tẹ òun mọ́lẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀.

Orílẹ̀-èdè àlàáfíà ni, ìwà ipá kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀ olè kéékèèké wà, pàápàá ní etí òkun. Ẹ má fi fóònù àti ìwé ìrìnnà sílẹ̀ lórí yanrìn kí ẹ wọ omi lọ.

Iná mànàmáná a máa lọ, èyí kò ní jẹ́ àjèjì sí ẹ̀yin ará ilé. Ẹnu ìho ògiri wọn gba irin róbótó méjì, ti Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ mú èyí tí a fi ń so wọ́n pọ̀ dání àti iná tọ́ọ̀ṣì.

ÈDÈ, ÌWÀ ÀTI OÚNJẸ

Èdè Potogí ni èdè ìjọba. Nínú ilé, wọ́n ń sọ Forro, Angolar tàbí, ní Príncipe, Lung'ie. Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí: "bom dia" fún ẹ káàárọ̀, "boa tarde" fún ẹ káàsán, "boa noite" fún ẹ káalẹ́, "por favor" fún ẹ jọ̀ọ́, "quanto custa?" fún èló ni? Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ dúpẹ́ a ní "obrigado", obìnrin a ní "obrigada". Gẹ́gẹ́ bíi tiwa, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọjà rírà láìkí ènìyàn kò ní ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tí a ti ń kí ìyá ẹlẹ́ja kan ní èdè rẹ̀, ni ó ti ń fi ènì sí i fún wa.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó máa gbọ́ ni "leve-leve". Ó túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá sọ pé oúnjẹ pẹ́, leve-leve. Bí ọkọ̀ kò bá tètè dé, leve-leve. Ẹni tí ó bá gbé ìkánjú Èkó lọ síbẹ̀ yóò máa bínú lásán.

Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ni ó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, àwọn ìjọ mìíràn náà sì wà. Ọdún 1534 ni a ti ní bíṣọ́ọ̀bù fún São Tomé. Bí ẹ bá fẹ́ sìn ní ọjọ́ ìsinmi, èdè Potogí ni ẹ ó gbọ́, ṣùgbọ́n ìtẹ́wọ́gbà àti ẹ̀rín kò nílò ògbufọ̀.

Ní ti oúnjẹ, inú yín yóò dùn. Calulu ni oúnjẹ pàtàkì wọn: ẹja gbígbẹ, epo pupa, ilá àti oríṣiríṣi ewé tí a sè pọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ta ni yóò jẹ ẹ́ nínú wa tí kò ní rò pé ọbẹ̀ ilé ni? Gbẹ̀rẹ̀fútù pọ̀ níbẹ̀ ju iṣu lọ, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń dín in. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja tútù kò wọ́n.

OHUN TÍ Ẹ LÈ FI OJÚ RÍ

Ẹ lọ wo Pico Cão Grande, òkúta kan tí ó dá dúró bí ìka nínú igbó, tí ó ga ju mítà 300 lọ láti ìdí rẹ̀. Ẹ lọ sí Ilhéu das Rolas kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ kan sí ìhà àríwá ayé, kí wọ́n fi èkejì sí ìhà gúúsù. Ẹ lọ sí odi São Sebastião ní olú-ìlú, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àti Monte Café, níbi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ kọfí hàn.

Ní Príncipe, ẹ lọ sí oko Sundy. Níbẹ̀ ni Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ìlú Ọba, ti ya àwòrán nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919. Àwòrán náà àti èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yà ní Bùràsíìlì fi hàn pé oòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti wí. Inú oko kòkó ni ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá yìí. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín tí ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, àwọn ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn lóru. Láti ọdún 2014 ni òfin ti ká ọwọ́ ẹni tí ń pa wọ́n tàbí tí ń tà wọ́n. Ẹ má ra ẹran, ẹyin tàbí èèpo wọn, bí ó ti wù kí ó pọ́n tó.

KÍ Ẹ TÓ TI ÌLẸ̀KÙN ILÉ

Ẹ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìdílé ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ bi ara yín léèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé ìwé ìrìnnà, físà àti káàdì yẹ́lò ti pé fún oníkálukú, títí dé ọmọ kékeré?
2. Ṣé oògùn ibà, nẹ́ẹ̀tì àti ìpara ẹ̀fọn ti wà nínú àpò?
3. Ṣé ìnṣọ́ránsì ti wà, ṣé ẹni tí ó kù sílé sì mọ nọ́ńbà rẹ̀?
4. Ṣé yúrò wà lọ́wọ́, tí ó tó dé ọjọ́ ìpadàbọ̀?
5. Ṣé ẹnìkan ní ilé mọ ibi tí ẹ ó sùn àti ọjọ́ tí ẹ ó dé?

Bí ìdáhùn sí èyíkéyìí bá jẹ́ rárá, ẹ má tíì lọ. Arákùnrin wa tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ tún fẹ́ padà síbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí a bi í léèrè ohun tí ó kọ́kọ́ rà fún ìrìn-àjò náà, ó fa àpò oògùn yọ. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni òun rà á.

Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó sì bọ̀ ire.